Ìgbà Ooru Méjì: Ilé Ẹ̀bá Adágún àti Gbọ̀ngàn New York

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àràmàǹdà àti ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n là tí wọ́n ń gbà fi ìgbà ooru gbádùn ìtàn pọ̀. Ọ̀nà kan gba inú ilé kọjá: àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ jókòó yí iná ká, wọ́n ń kàwé sí ara wọn létí, wọ́n sì ń dá ìtàn tiwọn. Ọ̀nà kejì gba inú gbọ̀ngàn kọjá: ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò fojú kan ara wọn rí wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá pàdé, torí pé irú ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Fún ọ̀nà àkọ́kọ́, n kò mọ àpẹẹrẹ tó ju ìgbà ooru ọdún 1816 lọ, lẹ́bàá adágún Geneva ní Switzerland. Fún èkejì, n kò mọ èyí tó ju ìgbà ooru ọdún 1939 lọ ní New York. Mo fẹ́ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà, kí á wò ó bóyá wọ́n jìnnà sí ara wọn tó bí ojú ṣe ń rí wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú sánmà. Ní 1816, oòrùn kọ̀, kò ràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1815 ni òkè ayọnáyèéfín Tambora bú gbàmù ní Indonesia. Ohun tó tú jáde gòkè lọ ta bo ojú ọ̀run, nígbà tó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e, òtútù ń mú àwọn ará Yúróòpù láàárín ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa yáàrùn. Irè oko bàjẹ́, oúnjẹ di ọ̀wọ́n gógó, ebi pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tó wà ní Geneva kò mọ̀ pé òkè kan ní Éṣíà ló ń rọ òjò lé àwọn lórí. Ohun tí wọ́n rí ni pé òjò kò dá, àrá ń sán láti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ gbafẹ́ lọ. Òjò ló tì wọ́n mọ́lé, ìtàn ni wọ́n sì fi pa ọjọ́.

Ní 1939, kò sí òjò tó ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Ìlú fúnra rẹ̀ ló ń pe ènìyàn síta. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún náà ni New York ti ṣí Ìpàtẹ Àgbáyé kan tí wọ́n fi ayé ọ̀la ṣe àkòrí rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ àti ilé tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí han aráyé. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn onísáyẹ́ǹsì mú ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, wọ́n pe ìpàdé tiwọn ní Caravan Hall, wọ́n sì sọ ọ́ ní ìpàdé àgbáyé. Síbẹ̀, òkùnkùn wà lójú sánmà tiwọn náà. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Jámánì fi ya wọ Poland, tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti Geneva wà lábẹ́ ẹ̀rù tí wọn kò mọ orísun rẹ̀, àwọn ti New York wà lábẹ́ èyí tí wọ́n ń kà nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Ibi méjèèjì, abẹ́ ìkùukùu ni wọ́n ti ń sọ̀tàn.

Ta ni ó wá? Márùn-ún péré ni agbo ti Geneva. Lord Byron, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 28, ló háyà ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Villa Diodati ní abúlé Cologny. John Polidori, ọmọ ogún ọdún, dókítà rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Percy Shelley, akéwì ẹni ọdún 23, ń gbé ilé kékeré kan nítòsí pẹ̀lú Mary Godwin tó ṣì máa di ìyàwó rẹ̀, àti Claire Clairmont tó jẹ́ ọmọ ìyàwó bàbá Mary. Inú ìwé ni wọ́n bí Mary sí: òǹkọ̀wé ni William Godwin bàbá rẹ̀, òǹkọ̀wé ni Mary Wollstonecraft ìyá rẹ̀ tó kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Kí o tó lè wọ agbo yìí, ó ní láti jẹ́ pé o mọ ẹnì kan nínú ilé.

Àwọn tó wá sí New York tó nǹkan bí igba. Kò sí ohun tó so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ju magasíìnì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń rà. Isaac Asimov, ọmọ ọdún 19, wá láti Brooklyn, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù súìtì. Orí káńtà ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ló ti bá àwọn magasíìnì náà pàdé. Ray Bradbury ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá títì ní Los Angeles. Ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Forrest Ackerman, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láti etí òkun kan dé èkejì kó lè débẹ̀. Kí o tó lè wọ agbo tiwọn, kò pọn dandan kó o mọ ẹnikẹ́ni; kó o sáà ti kàwé ni.

Níbí ni ìjọra àkọ́kọ́ tó fà mí lójú ti yọ. Mary jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní oṣù Kẹfà 1816, ó ku oṣù méjì kó pé 19. Bradbury jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní oṣù Keje 1939, kò tó oṣù méjì tó kù kí òun náà pé 19. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ àwọn òǹkọ̀wé, èkejì jẹ́ ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn fún ẹni tó ń kọjá. Ọ̀kan dé ìjókòó àwọn àgbà nítorí ìfẹ́, èkejì dé ibẹ̀ nítorí gbèsè tó jẹ. Síbẹ̀ ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ wà nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé lọ síbi tí ìtàn wà. Bí a bá ń sọ pé ọmọdé ni wọ́n, ọmọdé tó mọ ohun tó ń wá ni wọ́n.

Kí ni wọ́n ń kà? Ìwé tí wọ́n mú jáde ní Villa Diodati nígbà tí òjò ń rọ̀ ni Fantasmagoriana, àkójọ ìtàn òkú àti iwin tí wọ́n tẹ̀ ní 1812. Àwọn ará Jámánì ló ni ìtàn, èdè Faransé ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà á, Switzerland ni wọ́n sì ti ń kà á. Ẹ̀yìn ni ìwé náà kọjú sí: ilé àwọn baba ńlá, ègún ìdílé, òkú tó kọ̀ tí kò sùn.

Ohun tí wọ́n ń kà ní New York kọjú sí iwájú: ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sínú ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú, ìlú tí kò tí ì sí. Ọkùnrin tó la ọ̀nà rẹ̀ ni Hugo Gernsback, ọmọ Luxembourg tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà, tó dá magasíìnì Amazing Stories sílẹ̀ ní 1926. Ó ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé jáde, ó sì ń fi àdírẹ́ẹ̀sì wọn sí i. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ara wọn láì gba ọwọ́ olóòtú kọjá, lẹ́tà di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì di ìpàdé. Ìwé kan wo ẹ̀yìn, èkejì wo iwájú. Ṣùgbọ́n àlejò ni méjèèjì nílẹ̀ tí wọ́n ti kà wọ́n. Ìtàn kan rin ìrìn àjò gba inú èdè méjì kó tó dé etí àwọn tó yí iná ká. Ìran ìwé kejì gba ọwọ́ ẹni tó ti òkè òkun wá kó tó dé gbọ̀ngàn.

Òfin wo ló wà níbẹ̀? Ní Villa Diodati, òfin kan ṣoṣo ni Byron ṣe: kí oníkálukú lọ kọ ìtàn iwin tirẹ̀. Ẹni tó gbádùn ti ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá. Òfin yìí ni Mary lára. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó kọ sí ìwé rẹ̀ ní 1831, ó sọ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè láràárọ̀ bóyá ó ti rí ìtàn rò, tí kò sì rí ohun mìíràn dáhùn ju pé rárá. Nígbà tó yá, ó jókòó gbọ́ bí Byron àti Percy ṣe ń jiyàn lórí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀mí, àti bóyá iná mànàmáná lè jí ohun tó ti kú, nítorí láti ìgbà tí Galvani ará Ítálì ti fi í mú ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ta pútú ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ẹnu àwọn onímọ̀. Mary dùbúlẹ̀, kò rí oorun sùn. Ó rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kúnlẹ̀ ti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, ohun náà sì mira. Ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ti rí ìtàn.

Ní New York, kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan. Ètò wà lórí bébà: ọ̀rọ̀ ìkíni, ọ̀rọ̀ àwọn olóòtú, Frank R. Paul, ayàwòrán tó ń ya èèpo ẹ̀yìn àwọn magasíìnì náà, gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní ìjókòó-gbọ́ ni, pé ẹnì kan ń sọ, igba ènìyàn ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní magasíìnì kékeré tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Bradbury gan-an bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Futuria Fantasia, ní ìgbà ooru yẹn. Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ tí wọ́n gbà pé ará ọ̀la yóò máa wọ̀, tí Myrtle fọwọ́ ara rẹ̀ rán, wọ́n sì rìn ín gba àárín ìlú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Òfin Byron ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Òfin náà kò ṣàjèjì sí àwa tó dàgbà sí agbo àlọ́. Ẹni tó bá kígbe "Àlọ́ o!", àwọn tó jókòó ní láti dáhùn "Àlọ̀!" kó tó lè tẹ̀síwájú, àwọn náà ló máa gbe orin, nígbà tó bá sì parí, wọ́n á yíjú sí ẹlòmíràn pé ó kan òun. Ohun tí Byron fi àṣẹ gbé kalẹ̀, tí àwọn ọmọ New York ṣe láì gba àṣẹ, òun ni ìpìlẹ̀ agbo àlọ́.

Kò sí agbo tí kò ní ẹnu ọ̀nà, ìdí nìyí tí ó fi yẹ ká wo ẹni tó kù síta. Ti New York hàn gbangba. Àwọn tó ṣètò ìpàdé náà ní ìjà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Futurians, wọ́n sì bẹ̀rù pé wọ́n á pín ìwé òṣèlú láàárín èrò. Wọ́n dá mẹ́fà nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Donald Wollheim, Frederik Pohl àti Cyril Kornbluth wà nínú wọn. Agbo tó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti kàwé lè wá, ó lé àwọn tó kàwé jù lọ padà.

Ti Geneva kò hàn. Kò sẹ́ni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi Polidori ṣẹ̀sín. Claire wà níbẹ̀, kò sì sí ìtàn tirẹ̀ kankan tó kù sílẹ̀ fún wa láti ìdíje yẹn. Mary sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí àwọn ọkùnrin méjèèjì bá ń jiyàn, òun kàn ń tẹ́tí. Nígbà tí ìtàn Polidori jáde ní 1819, orúkọ Byron ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tí ti Mary jáde, kò sí orúkọ lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rò pé Percy ló kọ ọ́. Gbọ̀ngàn a máa fọwọ́ lé ènìyàn jáde. Ilé a máa jẹ́ kí ènìyàn wà níbẹ̀ láì sí níbẹ̀. Èmi ò lè sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì.

Kí ni wọ́n bí? Níbí ni ìwọ̀n ti kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó fẹ́ tẹ̀ síhà kan. Àwọn akéwì ńlá méjèèjì tètè sú: Percy pa tirẹ̀ tì, Byron kọ díẹ̀, ó dá a dúró. Àwọn tí wọn kò kà sí gan-an ló parí iṣẹ́. Mary mú Frankenstein jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1818, ẹ̀dà 500, ìdìpọ̀ mẹ́ta. Polidori mú ìkókó ọ̀rọ̀ tí Byron pa tì, ó fi kọ The Vampyre, ìtàn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tó sì wọṣọ ọlọ́lá. Ìtàn méjì tí aráyé kò tí ì dẹ́kun títún sọ, láti inú ilé kan, ní ìgbà òjò kan.

Ìpàdé New York kò bí ìwé kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí ni ara rẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Chicago ní 1940, ní Denver ní 1941. Ogun dá a dúró láti 1942 dé 1945, wọ́n sì tún jí i ní Los Angeles ní 1946. Ní 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ Hugo Gernsback pè. Ó bí iṣẹ́ pẹ̀lú: Bradbury gbé àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hannes Bok dání nínú bọ́ọ̀sì láti Los Angeles, ó fi han àwọn olóòtú, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, iṣẹ́ Bok ti wà lára èèpo ẹ̀yìn magasíìnì Weird Tales. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìtàn ti ara rẹ̀ ni ọmọdékùnrin yìí fi owó yíyá gbé la ilẹ̀ já.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ àwọn ti Geneva lára: Polidori kú ní 1821, Percy rì sómi ní Ítálì ní 1822, Byron kú ní Gíríìsì ní 1824. Kí ọdún mẹ́jọ tó pé, gbogbo ọkùnrin inú agbo náà ti lọ. Àwọn ti New York náà kú níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n fi eré náà lé àwọn ọmọdé mìíràn lọ́wọ́, eré sì ń lọ títí dòní. Bí ìwé bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ilé ló jù. Bí ọdún bá jẹ́ òṣùwọ̀n, gbọ̀ngàn ló jù.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n méjì yìí kò tó, nítorí àwọn ìgbà ooru méjèèjì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìtàn iwin ni Byron ní kí wọ́n kọ. Ohun tí Mary kọ kò ní iwin, kò ní ọfọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló wà níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi pè é ní ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́. Ilé iwin ló bí ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ní gbọ̀ngàn sáyẹ́ǹsì ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ ni Bradbury ti ń wá ọ̀nà, ẹni tí ìtàn rẹ̀ nípa Mars kún fún àfẹ́rí àti òkú ju ẹ̀rọ lọ.

Ohun tó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ rèé. Ní oṣù Karùn-ún 1939, oṣù méjì ṣáájú ìpàdé New York, Asimov jókòó kọ ìtàn róbọ́ọ̀tì kan tó fẹ́ràn ọmọdébìnrin tó ń tọ́jú. Ìtàn tí ẹ̀dá ti ń dìde pa ẹni tó dá a ti sú u, ó sì fi orúkọ ìwé Mary pe ìbẹ̀rù yẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀. John W. Campbell, olóòtú tí gbogbo ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ń fẹ́ tà fún, kọ̀ ọ́. Nígbà tó di 1940, magasíìnì Super Science Stories gbà á, ó sì tẹ̀ ẹ́. Olóòtú magasíìnì náà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, Frederik Pohl lorúkọ rẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní 1939 ló jẹ́ kí èsì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ní igun yàrá ní 1816. Mary sọ, Asimov dáhùn, ọdún 120 ó lé díẹ̀ ló wà láàárín "Àlọ́ o" àti "Àlọ̀".

Ìdájọ́ mi nìyí. Ilé dára fún ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò tí ì wá: ó gba ìdákẹ́jẹ́, àwọn díẹ̀ tó máa bi í ní àràárọ̀, àti òru tí oorun kò wá. Gbọ̀ngàn dára fún ẹni tí ìtàn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́: ó gba olóòtú, ayàwòrán, àti àjèjì tó mọ ohun tí ò ń sọ. Ilé láì sí gbọ̀ngàn, ìtàn á kú mọ́ ẹni mélòó kan lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn láì sí ilé, èrò á pọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ní 2016, igba ọdún gééré lẹ́yìn òjò Geneva, ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ní Caravan Hall fi àmì ẹ̀yẹ Hugo fún Nnedi Okorafor, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, fún ìwé Binti. Agbo náà ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, họlidé gígùn ti ilé wa bọ́ sí ìgbà òjò bíi ti 1816. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ, mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹ ka ìtàn kan sí wọn létí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó fẹ̀ ju pálọ̀ yín lọ tí wọn yóò ti sọ tiwọn, kódà bó jẹ́ gbọ̀ngàn ilé ìwé àdúgbò. Kí ẹ sì wo igun yàrá dáadáa: ọmọ tó dákẹ́ jù lọ níbẹ̀, ẹ bi í láràárọ̀ bóyá ó ti rí ìtàn rẹ̀.